Millet, Breton, Bastien-Lepage, Lhermitte: ta ni kí ẹni tó fẹ́ ya àgbẹ̀ l'Ìjẹ̀bú kọ́kọ́ tẹ̀ lé?

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé àwòrán kan kalẹ̀ níwájú mi. Bàbá àgbẹ̀ ló yà. Bàbá náà dúró láàárín ebè, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọkọ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wá èémí. Òjìji rẹ̀ dára. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ náà dára. Ọkọ́ ló dà mí láàmú, torí ọ̀pá rẹ̀ gùn dé àyà. Mo ní, “Oko wo lo ti rí irú ọkọ́ yìí, Àtàn ni àbí Ìlẹ̀sẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Orí fóònù ni, sà.”

Iṣẹ́ Jean-François Millet ló wò, ọkùnrin ọlọ́kọ́ tó yà parí ní 1862, tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Getty ní Los Angeles báyìí. Ọkọ́ àwọn ará Faransé gùn lóòótọ́, wọ́n lè fara tì í sinmi. Tiwa kúrú, ó tẹ̀, ẹni tó bá dì í mú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa kí irin rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bí ó bá rẹ àgbẹ̀ ilẹ̀ wa, yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká ni, tàbí kó sọ ọ́ sílẹ̀ kó fi ọwọ́ ti ìbàdí. Ọmọ náà kò wo bàbá rẹ̀ kankan kó tó ya bàbá yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Sáìnbọ́ọ̀dù ni mo fi ń jẹun nítòsí Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó kan ń wá kọ́ àwòrán lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òbí wọn sì máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: iṣẹ́ ta ni kí ọmọ máa wò kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ya èèyàn àti oko bí wọ́n ṣe rí gan-an? Mẹ́rin ni mo máa ń gbé síwájú wọn, gbogbo wọn ará Faransé, torí ilẹ̀ Faransé ni yíya àgbẹ̀ bí àgbẹ̀ ti rí ti gbilẹ̀ láàárín 1850 sí 1890. Gbogbo ayé ló mọ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, òun gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ má baà ní mo ń fi ẹ̀tàn wọ̀n ọ́n fún yín.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó ni àkọ́kọ́. Ọ̀dà elépo wọ́n, funfun ló sì máa ń tètè tán, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àwọ̀ tí a kì í fi funfun pò. Búrọ́ọ̀ṣì tó dára wọ́n, kánfáàsì wọ́n, Èkó sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rà á, ẹ ò tíì ka owó ọkọ̀. Ayàwòrán tí a kò lè tẹ̀ lé láìní ọ̀dà elépo, ọmọ olówó ló ni ín.

Èkejì ni pé, ṣé ó ṣeé gbára lé? Mi ò bèèrè bóyá iṣẹ́ rẹ̀ rẹwà o. Bí ó bá ya ẹni tó gbé ẹrù, ṣé ẹrù náà wúwo lọ́rùn ẹni yẹn? Ṣé ẹsẹ̀ tó yẹ kó gbé ara ló gbé e? Ayàwòrán kan lè mọ àwọ̀ pò kí ó má mọ bí eegun ṣe ń ṣiṣẹ́, ọmọ tó bá tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò jogún àṣìṣe rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta, ṣé a lè rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa láti ibí? Àwòrán tí wọ́n ń pín kiri lórí Facebook sábà máa ń pọ́n jù tàbí kó dúdú jù. Ẹ lọ sí ojúewé mùsíọ́ọ̀mù tó ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Met ti New York, Art Institute ti Chicago àti Getty gbà kí èèyàn gba àwòrán iṣẹ́ àtijọ́ sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tóbi débi tí ẹ ó fi rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá. Owó dátà nìkan lẹ ó ná.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó fẹ́ ta àwòrán, ẹni tó ń múra ìdánwò, ẹni tó kàn fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n: ọ̀nà wọn kò papọ̀.

Millet: òun ló mọ ìwúwo

Ọmọ àgbẹ̀ ni Millet. Wọ́n bí i ní 1814 ní abúlé Gruchy ní Normandy, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ oko kó tó di ayàwòrán. Ní 1849 ó kó lọ sí abúlé Barbizon, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1875. Ẹ ti rí iṣẹ́ rẹ̀ rí bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń pèéṣẹ́ bíi Rúùtù inú Bíbélì, èyí tó yà ní 1857, wà lára kàlẹ́ńdà àti ìwé ẹ̀kọ́ káàkiri.

Ohun tí ó dára níbẹ̀ ni pé kò fi ojú sọ̀rọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò bo orí àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó ṣì mọ ẹni tó ti rẹ̀ jù. Odindi ara ló fi ń sọ ọ́, bí ẹni mọ amọ̀. Ó sì ya púpọ̀ pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù dúdú lásán, nítorí náà owó rẹ̀ kò pọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e. Ti rírí, kò sóhun tó rọrùn tó o.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, ọkọ́ yẹn. Gbogbo irinṣẹ́ inú iṣẹ́ rẹ̀ ni irinṣẹ́ wọn, ara àgbẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ lé irinṣẹ́ náà, ẹ ò lè mú ọ̀kan kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Èkejì, gbogbo ayé ló ti dà á kọ. Van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands tí gbogbo ayé mọ̀, pàápàá da bí 20 nínú iṣẹ́ rẹ̀ kọ láàárín 1889 sí 1890 nígbà tó wà nílé ìtọ́jú ní Saint-Rémy, ṣùgbọ́n àwọ̀ tirẹ̀ ló fi ṣe é, ó sì ti di ọ̀gá nígbà náà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní mú àwọ̀ tirẹ̀ wá. Òjìji ojú yẹn ni yóò mú, torí òjìji máa ń bo ẹni tí kò mọ imú yà mọ́lẹ̀. Mo ti rí i léraléra. Èèyàn mẹ́wàá nínú ìwé kan, gbogbo wọn wọ fìlà bojú.

Breton: ti ògiri pálọ̀

Jules Breton (1827 sí 1906) jẹ́ ọmọ Courrières, ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Ọmọbìnrin tó yà ní 1884, tó dúró láìwọ bàtà pẹ̀lú dòjé lọ́wọ́, tí oòrùn pupa ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń tẹ́tí sí orin ẹyẹ, wà ní Art Institute ní Chicago. Ní 1934, nígbà tí ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ ní kí àwọn èèyàn dìbò yan àwòrán tí wọ́n fẹ́ràn jù, òun ló gbégbá orókè.

Ó tà nígbà yẹn, ó ṣì ń tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọ̀gá kan ń parí ilé ìgbàlejò, ó fẹ́ kí ó ṣí ṣáájú Ojúde Ọba, ó ní kí n ya àwòrán oko fún yàrá ìgbàlejò. Mo ya obìnrin kan tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀, tó jókòó sórí àpótí, tó na ẹsẹ̀ síwájú, tí kò wo ibì kankan. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Ọ̀gá ayàwòrán, ṣé kí àlejò mi rò pé ebi ń pa wá ni?” Kò san ìyókù owó. Mo lọ ya ọmọge kan tó gbé agbọ̀n, oòrùn pupa lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bíi pé orí kápẹ́ẹ̀tì ló ń rìn. Ó sanwó lójú ẹsẹ̀, ó tún fún mi ní ti kọ́là. Obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Nítorí náà mi ò ní bú Breton. Ó mọ ara èèyàn yà, ẹ lè gbára lé eegun rẹ̀. Òógùn ni kò sí níbẹ̀. Van Gogh tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fi ẹsẹ̀ rìn dé Courrières ní 1880 kí ó lè rí i, ó rí ilé iṣẹ́ tuntun tí ọ̀gá náà fi bíríkì kọ́ títọ́ fíntínfíntín, kò sì kan ilẹ̀kùn. Ó padà sẹ́yìn. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá rántí rẹ̀. Ọ̀dà elépo ni ẹ ó fi tẹ̀ lé Breton, torí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń ta ọjà, èédú kò lè ṣe é.

Bastien-Lepage: òótọ́ tó gbówó lórí

Jules Bastien-Lepage ni ẹni tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń dárúkọ bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ti kọjá Millet. Wọ́n bí i ní 1848 ní Damvillers, abúlé kan ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Paris kí ó lè rí owó kọ́ àwòrán, ó jagun ní 1870, ó fara gbọgbẹ́, ó sì kú ní 1884, ọmọ ọdún 36 péré. Èyí tó fi dórúkọ ni àwọn akóríko tó gbé lọ sí ìpàtẹ ọdọọdún ìlú Paris, Salon, ní 1878. Obìnrin kan jókòó nínú koríko lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin kan nà gbalaja lẹ́yìn rẹ̀, fìlà bo ojú rẹ̀. Àwòrán náà tóbi tó ilẹ̀kùn tí ẹ dá dùbúlẹ̀, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Musée d'Orsay ní Paris. Obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti jí i.

Bí ó ti ṣe é rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ìta gbangba ló ń gbé kánfáàsì lọ, lójú ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ya oko nínú yàrá. Ó fẹ́ràn ọjọ́ tí kùrukùru bo oòrùn, torí nígbà náà òjìji kì í sá kiri láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run, òkè téńté nínú àwòrán ló máa ń fi sí, ilẹ̀ á wá gba gbogbo ìwé, èèyàn á dúró nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn. Ojú àti ọwọ́ ni yóò yà dé orí irun kọ̀ọ̀kan. Koríko ẹ̀yìn wọn, búrọ́ọ̀ṣì onígun pẹrẹsẹ ló fi ń gbá a.

Kùrukùru yẹn wúlò fún wa. Oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa máa ń wá láti òkè gan-an, ó ń sọ ihò ojú èèyàn di dúdú, iwájú orí á máa dán. Ẹni tó bá fẹ́ ya ojú àgbẹ̀ níta, kí ó dúró de inú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dá díẹ̀ tí ojú ọ̀run sì ṣú bí eérú. Ìmọ́lẹ̀ Damvillers kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ibi tí wàhálà ti dé ni pé ọ̀nà Bastien-Lepage gba kí èèyàn dúró. Kí ó dúró lónìí, kí ó dúró lọ́la, lójú kan náà, nínú aṣọ kan náà. Mo dán an wò lọ́dọ̀ bàbá kan lọ́nà Ìlẹ̀sẹ̀. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró báyìí fún mi díẹ̀.” Wọ́n dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mo bá dúró báyìí, ìwọ lo máa bá mi tú ewúro yìí?” Òótọ́ wọn ni. Ẹni tí yóò dúró, ẹ gbọ́dọ̀ san owó ojúmọ́ rẹ̀ fún un. Ẹ ró ìyẹn mọ́ ọ̀dà elépo, mọ́ kánfáàsì tó tóbi, mọ́ òjò tó lè dé nígbàkigbà tí yóò bá a jẹ́. Nígbà òjò, ọ̀dà elépo kì í gbẹ bọ̀rọ̀ níbí. Kòkòrò á wá rì sínú ojú ọ̀run tí ẹ fara balẹ̀ kùn.

Ipa rẹ̀ ju ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ. Ní England, George Clausen kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Stanhope Forbes gbé ọ̀nà náà lọ sí Newlyn létí òkun Cornwall, ó fi ń ya àwọn apẹja. James Guthrie gbé e lọ sí Scotland. Orúkọ tirẹ̀ wá rọ́ sẹ́yìn, àwọn tó kọ́ lára rẹ̀ sì ń bá a lọ. Àwọn tó bá fẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ nítòsí, kí wọ́n lọ wo Joan of Arc, ọmọbìnrin ajagun ilẹ̀ Faransé àtijọ́, tó yà ní 1879 lórí ojúewé Met. Ẹ fi ìka fẹ ewé igi tó wà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, kí ẹ wá fẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ tó nà síta. Ẹ ó rò pé èèyàn méjì ló yà á.

Lhermitte: èédú, àti ojú tó ń rántí

A ti dé ibi tí mo ń lọ. Léon Lhermitte, ọmọ tíṣà abúlé, wọ́n bí i ní 1844 ní Mont-Saint-Père, ó kú ní 1925. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ayàwòrán, ọ̀pọ̀ yóò ní kí ẹ tún un pè. Bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn o. Ìjọba ilẹ̀ Faransé ra iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé lọ sí Salon ní 1882, èyí tó fi ya bí wọ́n ṣe ń sanwó fún àwọn akórè. Bí ẹ kò bá ní ju àwòrán kan wò nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, òun ni kí ẹ wò.

Ẹni kan ń ka owó sí ọwọ́ òṣìṣẹ́. Obìnrin kan ń fún ọmọ lọ́mú. Níwájú pátápátá, ọkùnrin kan jókòó, dòjé ńlá wọn tí ọ̀pá rẹ̀ gùn wà lára rẹ̀, ó ti gbowó tán tàbí kò tíì gbà, a ò mọ̀, ó kàn ń wo iwájú. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwòrán iṣẹ́ yìí. Mo mọ ìjókòó yẹn. Ẹ lọ sí ibikíbi tí wọ́n ti ń sanwó alágbàṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Rẹ́mọ, Ìpẹ̀rù ni o, Ṣàgámù ni o, ẹ ó rí i lórí búlọ́ọ̀kù tàbí lórí àpò símẹ́ǹtì, àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí tiwa níhìn-ín náà, ṣùgbọ́n ẹni tó sinmi kò lo irinṣẹ́, kò sí ọ̀pá ọkọ́ tí yóò ṣi ọmọ lọ́nà.

Ọ̀dà elépo ni wọ́n fi ya ìyẹn. Ṣùgbọ́n èédú ló kọ́kọ́ sọ Lhermitte di ẹni tí wọ́n mọ̀, àti pásítẹ́ẹ̀lì, ọ̀dà gbígbẹ tó rí bíi ṣọ́ọ̀kì, nígbà tó yá. Èédú! Ohun tó kún ìdí ààrò ìyá yín. Ó fi ya ọjà, ó fi ya inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ya àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò, gbogbo àwọ̀ tó wà láàárín funfun àti dúdú ló rí níbẹ̀, kò sì sí ibì kan tí ẹ ó ti ní àwọ̀ kù.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló tún bá wa mu jù. Olùkọ́ rẹ̀ ní Paris ni Horace Lecoq de Boisbaudran, òun kan náà ló kọ́ Rodin, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ fún ère òkúta àti idẹ. Ọ̀gbẹ́ni yìí máa ń ní kí ọmọ wo nǹkan dáadáa, kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó wá lọ yà á láti inú orí rẹ̀. Ẹ rántí bàbá ọ̀nà Ìlẹ̀sẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀nà yìí, kò sẹ́ni tí yóò dúró fún yín. Wọn yóò máa ṣe iṣẹ́ wọn lọ, ojú yín ni yóò ṣiṣẹ́.

Èyí ni mo fi tún ọmọbìnrin tó ya ọkọ́ gígùn yẹn ṣe. Mo mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí, mo ní kí ó fi ìwé àti èédú sílẹ̀ níta. Ó wọlé, ó kí àwọn ìyá náà, ó dúró sí kọ̀rọ̀ kan. Èéfín, òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan, iná lábẹ́ agbada. Mo ní kí ó wo ìyá kan ṣoṣo. Nígbà tó jáde, ó yà á: ìyá náà kọjú sí iná, ó na ọwọ́ tààrà, akúfọ́ igbá tó fi ń ru gààrí dúró ṣánṣán. Ó gbé e wọlé lọ fi hàn wọ́n. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹni tó bá kọjú sí iná báyìí, ṣé á ṣẹ́ku? Ẹni tó bá di igbá mú báyìí, gààrí rẹ̀ á jóná.”

Ó padà wọlé lọ wò. Ẹ̀gbẹ́ ni ìyá náà fi sí iná, ìbàdí yí sí apá kan, ojú yẹra fún èéfín. Igbá náà tẹ̀ síta, ó ń fọ́n gààrí ka ara agbada bí ẹni ń gbálẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ọwọ́ kejì sì di ìró mú kí ó má baà ré sínú iná. Ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀: àgbọ̀n àti ihò imú mọ́lẹ̀, iwájú orí ṣókùnkùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọlé tó jáde. Ìkẹta ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá náà ti rí i, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n ní kí a fún àwọn. Ó fún wọn.

Ṣé Lhermitte ṣeé gbára lé? Ẹni tó mọ̀ ju èmi lọ ti dáhùn. Ní 1885, nígbà tí Van Gogh ń jà fitafita ní Nuenen láti ya àwọn tó ń jẹ ọ̀dùnkún lábẹ́ àtùpà, ó ń kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ Theo pé kí ó fi àwọn àwòrán Lhermitte tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Le Monde illustré ránṣẹ́ sí òun, ó sì ń yìn ín pé ó mọ ara èèyàn láti inú jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń ra iṣẹ́ Van Gogh nígbà náà. Lónìí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń yìn ni a ti gbàgbé.

Àléébù rẹ̀ náà wà. Àwòrán rẹ̀ tó dára tó sì tóbi kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti Millet. Ẹ ó wá a díẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ya obìnrin afọṣọ àti akórè ní àyàtúnyà, torí ọjà ń fẹ́ ẹ, àwọn ti ìgbẹ̀yìn wọ̀nyẹn kò lágbára bíi ti àkọ́kọ́. Èédú fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó ti lọ. Sípírè irun làwa fi ń dì í, ẹ fún un láti ọ̀nà jíjìn, díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gbé e sí ara ògiri tó ń tutù lásìkò òjò, pépà náà máa bu.

Èédú ààrò le jù, ó ń ya pépà. Ohun tí à ń ṣe ni kí a wá ẹ̀ka igi tín-ín-rín tó ti gbẹ, kí a bó èèpo rẹ̀, kí a tò ó kún inú agolo tó ní ìdérí, kí a lu ihò kékeré kan sí ìdérí, kí a sọ ọ́ sínú iná. Èéfín á máa jáde lójú ihò náà. Bí kò bá jáde mọ́, ẹ gbé e kúrò, kí ó tutù tán kí ẹ tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbiná di eérú lójú yín. Mo ti fi igi ẹ̀gẹ́ ṣe é rí. Inú rẹ̀ fúyẹ́ jù, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ọmọ ilé wa ńkọ́?

Wọ́n á bi mí pé ṣé Ìjẹ̀bú kò ní tirẹ̀ ni. Ó ní. Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ní 1882, ló ṣáájú gbogbo wa. Ó kọ́ ara rẹ̀ kó tó lọ sí London ní 1920, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní Académie Julian, ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kan ní Paris, náà, ó padà wálé ní 1922, ó sì jà títí àwòrán fi wọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tó kọ́ ń pè é ní Mr Perspective, torí bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré ni orin ẹnu rẹ̀. Ó kú ní 1963. Mi ò fi í sínú ìwọ̀n yìí nítorí ojú àwọn èèyàn ńlá Èkó ló yà jù, lọ́yà, dókítà, àwọn ìyá olówó, kì í ṣe oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí imú àti etí bá ń dà láàmú, kí ó lọ wo ojú tí Ọnàbólú yà. Awọ ara wa ló yà, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lórí rẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí kò sì ní lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tó fẹ́ ta àwòrán fún hòtẹ́ẹ̀lì, báńkì àti pálọ̀ àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ wá ṣe Ojúde Ọba, kí ó mú Breton, kí ó ra ọ̀dà, kí ó má sì bá mi jiyàn nípa òógùn. Ẹni tí ara èèyàn inú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń léfòó bíi pé kò tẹ ilẹ̀, Millet ni oògùn rẹ̀, fún oṣù kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kí ó fi í sílẹ̀ kí fìlà má baà bo ojú gbogbo èèyàn.

Ẹni tó ti mọ ọ̀dà lò, tó ti wà ní yunifásítì, tó ní owó tí yóò san fún ẹni tí yóò dúró, kí ó lọ bá Bastien-Lepage jìjàkadì nínú oṣù kẹjọ. Yóò lù ú bolẹ̀. Ó ti lu èmi náà.

Gbogbo àwọn yòókù, ìyẹn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mìíràn tó ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ àwòrán, tíṣà tó ní ọmọ 40 nínú kíláàsì tí kò sì ní ju ṣọ́ọ̀kì lọ, Lhermitte ni. Ẹ̀yin òbí tó ń bi mí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ẹ ra pépà, pátákó kan tí yóò gbé e lé, àti kílínà. Èédú wà nílé. Kí ọmọ wá mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti mọ ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀, ibi gààrí ni o, ibi epo ni o, ibi tí wọ́n ti ń pa obì n'Ṣàgámù ni o, kí ó kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, kí ó sì fi ìwé sílẹ̀ níta.